Ta Ló Fi Wárápá Ṣe Ajá Ọdẹ?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sínú ìwé ìròyìn wa nígbà yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ajá ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ló wà nínú ọ̀rọ̀ ajá náà, ó sì kan àwọn kan nínú wa gbọ̀ngbọ̀n.

Òwe kan wà tí gbogbo wa ti gbọ́ láti kékeré: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí àgbà kan bá ti pa òwe yìí nínú ìjókòó, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò tún béèrè ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìṣirò ni mo sì fẹ́ràn jù lọ láti kọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n bi òwe náà ní ìbéèrè bí mo ti máa ń bi àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Òru mélòó ni àjẹ́ ké tí ọmọ kankan kò kú? Ọmọ mélòó ló kú tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ igbe ohunkóhun lánàá? Kò sí ẹni tó kà wọ́n. Ẹyọ kan tó bára mu la ṣà jáde, tí a gbé sókè, tí a ní òun ni ẹ̀rí. Ọmọ tó bá ṣe ìṣirò báyìí lọ́dọ̀ mi, òdo ni yóò gbà.

Ó dára, ẹ jẹ́ kí á wá sórí ajá náà. Ọdẹ kan wà ládùúgbò wa níbí ní Ìpòtì tó ní ajá kan, Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Akọ ajá ni, kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ, ara rẹ̀ ń dán, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá ti gbé ìbọn kọ́ èjìká, òun ni yóò kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà oko. Ọ̀yà tó bá lé, bí kò bá rí i mú, kò ní í sinmi. Ní òru ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ibi tí ajá náà sùn sí lẹ́bàá ààrò ló ti ṣàdédé na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń fi ẹsẹ̀ wa afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, ó sì tọ̀ sára. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Nígbà tó dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ń forí gbá ògiri bí ẹni tí kò ríran, kò dá ọ̀gá rẹ̀ mọ̀. Ó mu omi tó wà nínú abọ́ tán, ó jẹun bí ẹni tí ebi ti ń pa láti ìjẹta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti ń lé adìẹ kiri, bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún ṣe é. Lẹ́yìn náà ó tún ṣe é.

Ẹjọ́ mẹ́ta ni àdúgbò dá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọ̀dọ́ ní dìgbòlugi ni, wọ́n ti wá kùmọ̀. Àwọn kan ní ó jẹ májèlé, pé ẹnìkan ti fi ota-piapia sínú ẹja fún eku, ajá ló jẹ ẹ́. Àwọn tó kù, tí wọ́n pọ̀ jù, ní ọwọ́ ayé ni.

N kò bá àwọn ọ̀dọ́ náà wí. Ẹ̀rù dìgbòlugi kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ènìyàn bí 59,000 ni a ṣírò pé dìgbòlugi ń pa láyé lọ́dọọdún, ajá ló sì ń kó o ran ènìyàn nínú ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló kù. Nítorí náà, ajá yòówù tó bá ń gbọ̀n tí itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a sì gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lọ́la. Ṣùgbọ́n dìgbòlugi ní ìwà tirẹ̀. Kì í mú ajá lóru kó fi í sílẹ̀ láàárọ̀. Ajá tí dìgbòlugi bá ti hàn lára rẹ̀, ṣe ni yóò máa burú sí i lójoojúmọ́, kì í sì í sábà kọjá ọjọ́ mẹ́wàá kó tó kú. Tanímọ̀la ti gbé oṣù méjì lẹ́yìn tó kọ́kọ́ ṣubú, ó sì ń pa ọ̀yà. Ọ̀gá rẹ̀ sì ní ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ májèlé náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán. Ota-piapia tí a ń rà káàkiri yìí ń mú kí ajá máa gbọ̀n, kó máa da itọ́, kó sì máa ṣu gbùrúgbùrù. Ṣùgbọ́n májèlé kì í wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta bí ìpàdé ẹgbẹ́, àyàfi bí ẹnìkan bá ń bù ú fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta.

Ó wá ku ayé. Ẹ gbọ́ bí ìyẹn ṣe bẹ̀rẹ̀. Opó kan wà lẹ́yìnkùlé ọdẹ náà, ìyá àgbà ni, ògì ló ń tà. Tanímọ̀la ti kó òròmọdìẹ rẹ̀ méjì jẹ. Ìyá yìí jáde, ó fi ìka nà án, ó ní, "Ìwọ ajá yìí, wàá rí i!" Ta ni nínú wa tí kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ sí ajá tàbí ewúrẹ́ rí? Èmi ti sọ ọ́ sí ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀fọ́ mi àìmọye ìgbà, ewúrẹ́ náà sì ń bí ìbejì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá yìí tí ajá ṣubú lóru. Àjẹ́ ti ké, ọmọ ti kú. Bẹ́ẹ̀, orúkọ ajá náà tún dá kún un. Ẹ mọ̀ bí a ti ń sọ ajá lórúkọ nílẹ̀ wa: a ń pe ajá, aládùúgbò là ń bá wí. Wọ́n ní Tanímọ̀la ni ọdẹ fi ń bú ìyá náà, pé ìdí nìyẹn tó fi bínú.

Ọdẹ náà gbọ́n ju àwa tó yí i ká lọ. Ó gbé ajá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Dókítà náà kò kọ́kọ́ fún ajá ní abẹ́rẹ́, ìbéèrè ló ń bi ọdẹ. Ọmọ ọdún mélòó ni? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ìgbà tó bá ń sáré ni tàbí ìgbà tó bá sùn? Ìṣẹ́jú mélòó? Ẹ̀gbẹ́ kan ara ni àbí gbogbo rẹ̀? Kí ló jẹ lọ́jọ́ náà? Ṣé ó máa ń fi ẹnu mú ọ̀pọ̀lọ́? (Oró wà lára ọ̀pọ̀lọ́ tó lè mú kí ajá da itọ́, kó sì gbọ̀n.) Ṣé mọ́tò tàbí alùpùpù ti kọ lù ú lórí rí? Ṣé ebi ti máa ń pa á jù lẹ́yìn ọdẹ? Ajá ọdẹ tó bá sáré láti òwúrọ̀ dalẹ́ láìjẹun lè ṣubú nítorí àìtó ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Báwo ni ìwà rẹ̀ láàárín ìgbà kan sí èkejì? Ó yẹ ojú ajá náà wò, ó yẹ etí rẹ̀ wò, ó wo bí ó ṣe ń rìn, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó wá parí gbogbo rẹ̀, ó ní, "Wárápá ni. Ohun tó fà á, n kò rí i."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Ọkùnrin tó lọ sí yunifásítì, tó ní irinṣẹ́, tó gba owó lọ́wọ́ ọdẹ, òun ló sọ pé òun kò rí ohun tó fà á. Àwa tí a kò yẹ ajá náà wò, tí a kò bi í ní ìbéèrè kan, àwa la mọ̀ ọ́n, tí a tiẹ̀ mọ ojúlé tó ń gbé.

Dókítà náà kò purọ́, kò sì ṣe ọ̀lẹ. Àwọn dókítà ẹran mọ irú wárápá báyìí dáadáa. Láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́fà ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ajá bá sinmi tàbí tó sùn ló sábà máa ń mú un, ara ajá náà yóò sì dá ṣáṣá láàárín ìgbà kan sí èkejì. Wọ́n ní orúkọ kan tí wọ́n mú láti èdè Gíríìkì fún un, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé àìsàn náà dá dúró fúnra rẹ̀, a kò rí àìsàn mìíràn tó bí i. Ní ọ̀rọ̀ tiwa, a wá a, a kò rí i. Mo rò pé orúkọ tó dára ni. Ó fi àyè sílẹ̀ níbi tí àyè wà.

Ohun tí mo fẹ́ kí á jọ rò nìyí. Ṣé ó tọ́ kí á fi ẹnìkan sínú àyè yẹn? Nígbà tí ìyà kan bá wà tí a kò mọ ẹni tó ni ín, ṣé ó tọ́ kí á wá ènìyàn tí yóò jẹ́ olówó rẹ̀? Ó dà bí ẹni pé inú ènìyàn kì í fara mọ́ àga tó ṣófo. Bí a bá ti rí àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé, a ó wò yí ká, ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ la ó sì fà wá síbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ọlọ́rọ̀, kì í ṣe olóyè. Opó ni. Ìyá àgbà ni. Ẹni tí kò ní ọmọ ọkùnrin tí yóò jà fún un ni.

Ẹnìkan nínú wa ti dá mi lóhùn lórí èyí lẹ́yìn ìsìn, ó sì yẹ kí n gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ bó ti sọ ọ́. Ó ní, "Mọ̀mọ́, ajá kò ní ọ̀tá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ajá a máa gbà á fún ọ̀gá rẹ̀. Ọdẹ ni wọ́n ta ọfà sí, ara ajá ló bà." Èmi náà mọ ìgbàgbọ́ yẹn, a bá a lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á tẹ̀ lé e dé ibi tó ń lọ. Lára àwọn àìsàn ọpọlọ tó ń bá ajá fínra títí ọjọ́ ayé rẹ̀, wárápá ló wọ́pọ̀ jù níbi gbogbo. Ó wà nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ó wà ní Jámánì, ó wà ní Amẹ́ríkà. Ó tún máa ń tẹ̀ lé ìran ajá. Irú àwọn ajá kan, bí Beagle àti ajá olùṣọ́-àgùntàn ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní i ju irú mìíràn lọ, bàbá ń bí i fún ọmọ. Àjẹ́ wo ló wá ń yan irú ajá?

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Irú ajá kan wà ní ilẹ̀ Ítálì tí wọ́n ń pè ní Lagotto Romagnolo. Àwọn ọmọ ajá kan nínú irú yìí máa ń ní gìrì láti bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí a bí wọn, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa tó ọmọ oṣù mẹ́ta tàbí díẹ̀ lé, gìrì náà yóò ti lọ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ rí àbùdá àjogúnbá tó ń fà á. Ẹ wá ro ó: ká ní ajá báyìí wà ní Ìpòtì, tí olówó rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, yálà babaláwo tàbí wòlíì, tí wọ́n gba adìẹ àti owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ajá ti yá. Ta ni yóò lè sọ fún olówó ajá yẹn láé pé kì í ṣe ẹni tó gba adìẹ ló wo ajá sàn? Bákan náà ni gìrì tí ibà máa ń fà fún àwọn ọmọ wa. Púpọ̀ nínú wọn ló ń bọ́ nínú rẹ̀ bí wọ́n bá ti ń tó ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà. Ẹni tó wà nítòsí nígbà tí àìsàn ń lọ ló ń gba ọpẹ́, bí ẹni tó wà nítòsí nígbà tí àìsàn ń bọ̀ ṣe ń gba ẹ̀bi.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe òyìnbó ayé òde òní ló mú un wá. Ní bí 400 ọdún kí á tó bí Kristi, àwọn ará Gíríìsì ń pe wárápá ní àìsàn mímọ́, nítorí wọ́n gbà pé àwọn òrìṣà wọn ló ń gbé e lé ènìyàn. Dókítà kan kọ ìwé láti tako wọn, ìwé náà sì wà títí dòní lábẹ́ orúkọ Hippocrates. Ó ní àìsàn yìí kò mọ́ ju àìsàn yòókù lọ, inú ọpọlọ ló ti ń wá. Ó bínú sí àwọn tó ń ṣe ètùtù fún aláìsàn, pé bí aláìsàn bá yá, àwọn ló gba ògo, bó bá kú, òrìṣà ló gba ẹ̀bi. Ẹ̀rí wo ló mú wá? Ewúrẹ́! Ó ní wárápá ń ṣe ewúrẹ́, pé bí a bá la orí ewúrẹ́ bẹ́ẹ̀, omi ni a ó bá nínú ọpọlọ rẹ̀. Ohun tó wí nípa omi náà lè má pé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà ronú tọ́. Ẹran tí kò ṣẹ òrìṣà, tí kò jẹ gbèsè ẹbọ, àìsàn kan náà ló ń ṣe é.

Ọ̀dọ̀ tiwa náà ni mo ń bọ̀. Ní Òkè-Mẹ̀sí, níwájú níbẹ̀ yẹn, ni wọ́n ti bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ní ọdún 1935. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ àìsàn ọpọlọ àti iṣan ní Yunifásítì Ìbàdàn, òkìkí rẹ̀ sì kàn kárí ayé kó tó jáde láyé ní ọdún 1995. Nígbà tí àwọn ènìyàn ní àwọn abúlé kan ní ilẹ̀ Yorùbá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ojú wọn ń fọ́, tí etí wọn ń di, ọkùnrin yìí kò lọ béèrè ẹni tó bínú sí wọn. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Ó rí i pé oró inú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Lórí wárápá, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìgbò-Ọrà, láàárín ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000. Iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1987: nǹkan bí ènìyàn 5 nínú 1,000 ló ní i. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò náà. Bí ẹni 100 ni nínú ìlú kan. Bí wárápá kọ̀ọ̀kan bá ní ẹni tó fi ṣe ènìyàn, a jẹ́ pé 100 oníṣẹ́ ibi ló ń gbé ìlú kan ṣoṣo, tí gbogbo wọn sì mú iṣẹ́ kan náà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ló ní wárápá láyé, àti pé nínú bí ìdajì wọn, a kò mọ ohun tó fà á. Nínú ìdajì kejì, a mọ̀ ọ́n: ọmọ tí kò rí afẹ́fẹ́ tó nígbà ìrọbí tó pẹ́, ìpalára orí, àìsàn yírun-yírun, ibà tó gun ọpọlọ, àrùn rọpárọsẹ̀. Ẹ wò ó, àkọ́kọ́ nínú ìwọ̀nyí, àwa obìnrin lè dín in kù bí aboyún bá tètè dé ilé ìwòsàn. Àjọ náà tún ní bí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní i lè wà láìṣubú mọ́ bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ.

N kò lè sọ ọ̀rọ̀ ajá yìí kí n má rántí ọmọbìnrin kan. Ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1990 ni, ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́. Wárápá mú ọmọ náà nínú kíláàsì, àwọn ọmọ yòókù sá jáde. Lọ́jọ́ kejì, àwọn òbí dé. Wọ́n ní kí ó má bá ọmọ àwọn jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan mọ́, pé itọ́ rẹ̀ yóò ràn wọ́n. Wárápá kì í ràn. Kì í gba inú itọ́ ràn, kì í gba inú ìtọ̀ ràn, kì í gba orí bẹ́ǹṣì ràn. Mo sọ ọ́ títí ohùn mi há. Wọ́n so òwú pupa mọ́ ife ọmọ náà kí ẹnikẹ́ni má baà fi mu omi. Kò parí sáà kẹta. Ní ilé, ìyá bàbá rẹ̀ ni wọ́n mú, wọ́n ní òun ló fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ fún ẹgbẹ́. Ìyá náà kó ẹrù rẹ̀ lọ sí abà, kò sì wọ ìlú mọ́ títí ó fi kú. Mo bá wọn sin ín. Ọmọ náà ṣubú lọ́jọ́ ìsìnkú.

Nígbà tí Tanímọ̀la ṣubú ní ọ̀sán gangan níwájú gbogbo wa, àwọn ọmọdé gbé omi wá, ọ̀kan bọ́ aṣọ rẹ̀ láti fi ṣe ìrọ̀rí fún orí ajá. Mo yọ̀, mo sì banú jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tó bọ́ aṣọ fún ọmọbìnrin yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ lórí èyí, kó ka Jòhánù orí 9, níbi tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ti ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀ fún ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, kó wo èsì tí wọ́n gbà. Kó tún ka Máàkù orí 9, ìtàn ọmọ tó ń ṣubú tó ń yọ ìfófó. Ẹlòmíràn yóò sọ pé ẹ̀mí ni Bíbélì pè é níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí Jésù bi bàbá ọmọ náà ni iye ìgbà tó ti wà bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí dókítà ẹran bi ọdẹ. Kò bi í pé, "Ta lẹ fura sí?" Kò sí orúkọ aládùúgbò kankan nínú ìtàn náà.

Kí ni kí á wá ṣe nígbà tí a kò bá mọ̀? Ohun púpọ̀ wà. Bí ajá tàbí ènìyàn bá ṣubú, ẹ gbé òkúta àti igi kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ wo aago. Ẹ má ki síbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kò sí ẹni tó ń gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Ènìyàn, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ má fi ata sí i lójú, ẹ má ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná, ẹ má sì da àgbo ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà sí i lẹ́nu. Àgbo yẹn ti pa ọmọ púpọ̀ ní ilẹ̀ wa, àwọn tí gìrì ìbá fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tó bá dáwọ́ dúró tó tún bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ta jí, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Oògùn wà. Phenobarbitone tí dókítà kọ fún Tanímọ̀la, oògùn ènìyàn ni. Dókítà ará Jámánì kan, Alfred Hauptmann, ló kọ́kọ́ fi í tọ́jú wárápá ní ọdún 1912, ajá àti ènìyàn sì ń lò ó títí dòní. Ìwọ̀n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà o, kí ẹnikẹ́ni má fún ajá ní ti ọmọ, kó má sì fún ọmọ ní ti ajá. Kí a má sì ṣàdédé dá a dúró nítorí pé ara ti yá, nítorí ìgbà náà gan-an ni wárápá ń padà pẹ̀lú agbára. Ọdẹ náà ń fún ajá rẹ̀ lójoojúmọ́, láàárọ̀ àti lálẹ́. Kò tíì dáwọ́ dúró pátápátá, ó ṣì ṣubú lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn Àjíǹde, ṣùgbọ́n ó ti ń pẹ́ kó tó dé.

Ọ̀rọ̀ ìyá ológì ló ṣẹ́kù. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú wa kò ra ògì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, pé wọ́n ń gba òdì kejì ọ̀nà kọjá. Ọdẹ tó ni ajá kò bá a jà. Ó ti ra òròmọdìẹ méjì san fún un, wọ́n sì ti ń kí ara wọn. Ìyá náà ṣì ń jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọjà láti aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, ògì funfun àti ògì pupa ló ń tà. Mo ra ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá. Ó ti ń lọ sí aago mẹ́wàá nígbà náà, agbada rẹ̀ sì kún síbẹ̀.